Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Kóńgò Lè Kún Kí Ìrẹsì Má Pọ̀

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, mi ò ní fi àsìkò yín ṣòfò lórí ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ̀ pé iná lè lọ nígbàkígbà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ki ẹnu wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gbowó ṣáàjì nígbà tí òkùnkùn bá pẹ́ lórí wa ní Ùgbè-Àkókó níbí. Láti ọdún 2005 ni orúkọ NẸ́PÀ ti kúrò nínú ìwé ìjọba, ọdún 2013 sì ni wọ́n ta iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, síbẹ̀ bí iná bá tàn lálẹ́ yìí, “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!” náà ni àwọn ọmọ wa máa pariwo. Gbogbo èyí kì í ṣe tuntun sí yín. Ohun tó jẹ́ tuntun ni nọ́ńbà kan tó wà lójú láptọ́ọ̀pù, àti ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ń lo Windows, ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, nítòsí ibi tí aago wà. Àwòrán bátìrì kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ darí ọfà kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà lọ sórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró díẹ̀. Nọ́ńbà yóò yọ: 64%, tàbí 12%, tàbí 100%. Bí àmì púlọ́ọ̀gì tàbí ti mànàmáná bá wà lára àwòrán náà, iná ń wọlé láti ara wáyà. Bí kò bá sí, èyí tó wà nínú bátìrì ni ẹ ń jẹ. Lórí kọ̀ǹpútà tí Apple ṣe, òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ni ẹ ó wò. Ẹ tẹ àwòrán náà, nọ́ńbà yóò jáde.

Àmì tó tẹ̀lé nọ́ńbà yẹn, %, pásẹ́ńtì ni à ń pè é. Ẹ fi ìka tọ́ ọ. Òun ni iṣẹ́ wa lónìí. Kíláàsì mẹ́ta ni mo ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí, kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣìnà síbi kan náà. Nítorí náà, ẹ ní sùúrù fún mi bí mo bá ń sọ ohun kan ní àsọtúnsọ.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì tó ṣáájú yín. Aṣọ ló ń tà. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ló fi láptọ́ọ̀pù ránṣẹ́ sí i, kí ó lè máa kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ṣáàjì, ó sanwó, ó padà lọ gbà á, ó wò ó: 100%. Ó gbé e dé Ìkàrẹ́, ó ṣí i, kò tíì lo wákàtí kan tán tí ẹ̀rọ náà fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bínú wálé. Ó lọ bá ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní ó ti jí ṣáàjì òun. Ó pariwo títí àdúgbò fi pé lé wọn lórí. Ọmọ náà sunkún.

“Tíṣà,” ó wí fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, “ẹ bá mi dá sí i. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí ọgọ́rùn-ún. Níbo ni ọgọ́rùn-ún mi wà?”

Mo ní, “Mọ́mì, ọgọ́rùn-ún kí ni ẹ rí?”

Kò rí èsì fún mi. Bóyá ẹ̀yin náà kò tíì ní. Ẹ kà á tẹ̀lé mi:

Pásẹ́ńtì kì í ṣe iye. Pásẹ́ńtì jẹ́ ìpín.

Ẹ tún un kà. Pásẹ́ńtì kì í ṣe iye. Pásẹ́ńtì jẹ́ ìpín.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjà wàyí. Kò sí ẹni tí kò mọ kóńgò nínú yín. Ẹ mọ kóńgò tó péye, ẹ sì mọ èyí tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀. Ẹ bu ìrẹsì sí èkíní títí yóò fi kún dé ẹnu. Ẹ bu ìrẹsì sí èkejì títí yóò fi kún dé ẹnu. Èwo ló kún nínú méjèèjì? Méjèèjì ló kún. Bí kóńgò bá lè fi pásẹ́ńtì sọ̀rọ̀, èkíní yóò ní, “Mo kún 100%.” Èkejì náà yóò ní, “Mo kún 100%.” Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ da èkíní sínú ìkòkò, ọmọ mẹ́fà yóò jẹ ẹ́ yó. Ẹ da èkejì, bóyá ọmọ mẹ́ta ni yóò yó.

Bátìrì ni kóńgò. Iná ni ìrẹsì. Pásẹ́ńtì ń sọ bí kóńgò ṣe kún tó. Kì í sọ bí kóńgò ṣe tóbi tó. Bátìrì tuntun dà bí kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Bátìrì tó ti gbó dà bí kóńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọ inú. Ẹ kún èyí tó gbó dé ẹnu, yóò kọ 100%, òótọ́ ló sì kọ. Ó kún. Kóńgò ọ̀hún ni kò gbà púpọ̀ mọ́.

Bàbá kan bi mí nígbà kan pé, “Tíṣà, ṣé kì í ṣe bí yúníìtì mítà iná ni?” Rárá o, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n béèrè, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Yúníìtì jẹ́ iye. Bí yúníìtì 50 bá wà lórí mítà ilé mi, tí yúníìtì 50 sì wà lórí mítà ilé yín, ohun kan náà la ní. A lè kó wọn lé òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí 50% bá wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, tí 50% sì wà lórí tiyín, a kò tíì mọ ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Ìdajì kóńgò ńlá ni àbí ìdajì kóńgò kékeré? Ìdajì agbọ̀n iṣu àti ìdajì igbá iṣu, ìdajì ni méjèèjì. Ẹ kò lè fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀.

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iná inú bátìrì ni wọ́n ń kọ báyìí: mWh. Ẹ máa pè é ní hóró ìrẹsì. Ká ní bátìrì tuntun gba hóró 40,000. Ká ní bátìrì kan náà ti gbó, kò gbà ju hóró 20,000 lọ mọ́. Ká ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ń jẹ hóró 10,000 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bátìrì tuntun ní 100% yóò gbé yín fún wákàtí 4. Bátìrì ogbó ní 100% yóò gbé yín fún wákàtí 2. Bátìrì tuntun ní 50% ńkọ́? Hóró 20,000 náà ni, wákàtí 2 náà ni. Ẹ wò ó dáadáa: 50% ti ọ̀kan bá 100% ti èkejì dọ́gba. Bí pásẹ́ńtì bá jẹ́ iye ni, èyí kò ní ṣeé ṣe láé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn sá wọ̀ mí lọ́kàn níbi ìṣirò yìí. Yúníìtì kan ṣoṣo lórí mítà jẹ́ hóró 1,000,000. Yàtọ̀ sí èyí tó máa ṣòfò lójú ọ̀nà, yúníìtì kan yóò kún bátìrì tuntun yẹn ní ìgbà 25. Bí iná ìjọba bá wà, ohun tí láptọ́ọ̀pù ń jẹ kéré gan-an. Mi ò rí ìdí tí àgbàlagbà yóò fi fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà nítorí rẹ̀. Owó tí ẹ sì ń san ní ṣọ́ọ̀bù ṣáàjì, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń ra, ẹ má máa bá wọn jà lé e.

Kí ló wá ń lu ìdí kóńgò wọ inú? Ọjọ́ orí ni àkọ́kọ́. Gbogbo ìgbà tí bátìrì bá kún tó sì tún tán, ó ń gbó díẹ̀. Èkejì ni ooru, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Àkókó, nígbà tí àpáta gan-an bá ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù. Ihò tí ó fi ń mí wà lábẹ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Bí bátìrì bá wú, tí ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù ń ga sókè, ẹ yé lò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi nǹkan gún un. Ẹ má sì jù ú sórí ààtàn níbi tí a ti ń dáná sun pàǹtírí, torí ó lè bú gbàmù lójú ọmọ ẹlòmíràn.

Irú bátìrì yìí, lithium ló wà nínú rẹ̀, ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́jà. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2019: Stanley Whittingham, Akira Yoshino ará Japan, àti John Goodenough ará Amẹ́ríkà. Ìwé kíkà ṣòro fún Goodenough púpọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 55 nígbà tó ṣe iṣẹ́ tó mú bátìrì yìí ṣeé ṣe ní Oxford, ẹni ọdún 97 sì ni nígbà tó gba ẹ̀bùn náà. Kò sí ẹni tó dàgbà tó o rí kí ó tó gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé orí yín ti le jù fún ìwé, mo fẹ́ kí ẹ há orúkọ yẹn sórí.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí kóńgò. A lè wo ìdí kóńgò lọ́jà nípa yíyí i padà. Báwo ni a ṣe ń yí bátìrì padà? Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí àwòrán fèrèsé wà lára rẹ̀. Ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Ojú dúdú kan yóò ṣí. Ẹ kọ èyí síbẹ̀, kí ẹ fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì:

powercfg /batteryreport

Ẹ tẹ Enter. Kọ̀ǹpútà yóò sọ ibi tó kó ìwé náà pamọ́ sí. Ẹ lọ ṣí i. Ìlà méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ wá. Èkíní ni DESIGN CAPACITY: iye tí bátìrì ń gbà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Èkejì ni FULL CHARGE CAPACITY: iye tó ń gbà lónìí bó bá kún. Èkíní ni kóńgò kí wọ́n tó lù ú. Èkejì ni kóńgò lẹ́yìn tí wọ́n lù ú. Iye ni méjèèjì, kì í ṣe ìpín.

Nígbà tí èmi àti obìnrin aláṣọ yẹn jọ wo tirẹ̀, èkejì kò tó ìdá mẹ́ta èkíní. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, lójú àwọn tó gbọ́ ariwo àná, ó ní, “Ọmọ mi, forí jì mí. O ò jí nǹkan kan.” Ohun tó yẹ ni. Ẹni tó bá ba orúkọ ọmọlúàbí jẹ́ ní gbangba, gbangba náà ni kí ó ti tún un ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á ní Ìkàrẹ́ tàbí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga Àkùngbá tó ń ta tiwọn, ẹni tó ń tà á lè ní, “Ẹ wò ó, 100% ni.” Kò parọ́. Ẹ sọ fún un pé kí ó ṣí ìwé bátìrì. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó ń tà, ẹ fi ìlà méjèèjì han ẹni tó fẹ́ rà kí ó tó béèrè. Fífi kóńgò tí a lù tajà kì í ṣe òwò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kékeré méjì. Kọ̀ǹpútà lè kọ wákàtí tó ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà; ẹ gbà á bí ẹ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ awakọ̀ tó ní a ó tètè dé Ọ̀wọ̀. Ojú ọ̀nà ló máa pinnu. Bí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù, yóò pẹ́ sí i. Bí ẹ bá ń wo fíìmù, yóò tètè tán. Bí ó bá sì ti kù bíi 10%, kọ̀ǹpútà sábà máa ń kìlọ̀. Ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá kù 5%.

Iṣẹ́ ilé: kí olúkúlùkù kọ nọ́ńbà mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀: pásẹ́ńtì tó rí, iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, àti iye tó ń gbà lónìí. Lẹ́yìn náà kí ó fa ìlà sábẹ́ èyí tó jẹ́ ìpín. Ẹni tí kò bá ní láptọ́ọ̀pù, kí ó mú kóńgò tó fi ń tajà wá. A ó yí i padà, a ó jọ wo ìdí rẹ̀.