Odò Tó Gbàgbé Orísun: Ìmọ̀ràn lórí Ìsopọ̀ Excel àti Word

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé Word tí a so mọ́ Excel, ìyẹn ìwé ìṣirò onílà àti òpó, ṣe rí; nítorí pé inú Excel ni iye owó tó hàn nínú Word ṣì ń gbé, àwòrán rẹ̀ àti àdírẹ́sì ibi tó wà ni Word tọ́jú. Ìlànà ìsopọ̀ yìí, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 1990 tí wọ́n sì pè ní OLE, ṣe oníṣòwò láǹfààní púpọ̀, nítorí pé bí ó bá tún iye ọjà ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú Excel, gbogbo ìwé tó so mọ́ ọn lè gba àtúnṣe náà.

Àdírẹ́sì yìí ni orísun ìṣòro. Bí oníṣòwò ṣúgà kan ní Hotoro, nílùú Kano, bá kọ ìwé iye owó sórí fláàṣì, tó sì gbé e lọ tẹ̀ ní bíísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Sabon Gari, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ti pe fláàṣì náà ní E, kí ti ibẹ̀ sì pè é ní G. Bí a bá tẹ Alt àti F9 pọ̀ nínú Word, àdírẹ́sì tó fara sin yóò hàn báyìí:

LINK Excel.Sheet.12 "E:\\OJA\\SUGA.xlsx" "Sheet1!R2C1:R9C4"

OJA ni fódà, SUGA ni fáìlì, apá tó kẹ́yìn sì ń tọ́ka láti ìlà kejì, òpó kìíní, dé ìlà kẹsàn-án, òpó kẹrin. Nígbà tí kò sí E níbẹ̀, Word lè kọ "Error! Not a valid link", tàbí, èyí tó burú jù, kí iye owó àtijọ́ dúró síbẹ̀ láìsí ẹni tó fura.

Abéèrè kì í ṣìnà: kí a kọ́kọ́ fi àdírẹ́sì yìí wé ibi tí fáìlì wà gan-an. Lẹ́yìn náà, kí a lọ sí File, Info, Edit Links to Files, kí a tẹ Change Source, kí a yan fáìlì tòótọ́, kí a sì tẹ Update Now. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ojú ìwé inú Excel ni a yí padà, bọ́tìnì Item ni a ó fi tún un ṣe.

Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí a tọ́jú fáìlì Excel kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn, kí a má sì yí orúkọ tàbí fódà rẹ̀ padà mọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ìwé yóò bá kúrò nílé, kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí a fi Ctrl àti A mú gbogbo rẹ̀, kí a sì tẹ Ctrl, Shift àti F9, èyí tí yóò já ìsopọ̀ náà kí iye owó lè dúró gbọin nínú ẹ̀dà yẹn, nígbà tí ojúlówó ìwé ṣì wà ní síso.

Ìwé iye owó jẹ́ àdéhùn láàárín oníṣòwò àti oníbàárà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í lé oníbàárà lọ́wọ́ láì kọ́kọ́ fi í wé Excel.