Àpótí Ìmọ̀: Ipá Ìyípo àti Bóòtù Tó Ti Dípẹtà

Ipá ìyípo ni ipá tó ń mú kí nǹkan yí. Láti ṣírò rẹ̀, fi gígùn sípánà sọ ipá ọwọ́ rẹ di ìlọ́po.

Àpẹẹrẹ: O ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, bóòtù kan tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnnì sì kọ̀, kò tú. Ipá ọwọ́ rẹ jẹ́ nútọ̀n 200, sípánà jẹ́ mítà 0.25:
200 × 0.25 = 50 Nm (nútọ̀n-mítà).
Fi páìpù irin bọ ìdí sípánà kí gígùn rẹ̀ di mítà 0.75:
200 × 0.75 = 150 Nm.

Ọwọ́ kan náà, ìlọ́po mẹ́ta! Ṣùgbọ́n ipá yìí lè ṣẹ́ bóòtù sínú ihò rẹ̀, wàhálà ìyẹn sì pọ̀ jù. Kọ́kọ́ fín òróró tí ń wọnú ìpẹtà sí i, jẹ́ kó rin ín dáadáa, kí o tó fà á díẹ̀díẹ̀, láìjá a gìrì.