Gọ́tà Ẹ̀yìn Ilé Wa: Ẹ̀kọ́ lórí Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Olùtọ́jú Àyíká

Kano àti Kàdúná ni wọ́n bí púpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ èyí sí. Inú ilé la ti gbọ́ Yorùbá, Haúsá la fi ń ra ọjà. Bí ẹ bá rí ibi tí èdè wa ti wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí ni pé: kí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àyíká nílé ẹ̀kọ́ gíga? Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí á wọ aṣọ aláwọ̀ ewé lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, kí á gbin igi kan, kí á ya fọ́tò, ó parí. Òótọ́ ni pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ fún àyíká láti ọdún 1972. Ọjọ́ náà dára, àwa náà sì ti ya fọ́tò tiwa. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kò mọ ọjọ́ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó là wá lójú. Òjò Kano kì í pẹ́ lọ títí bíi ti ìlú àwọn bàbá wa, ṣùgbọ́n bó bá dé, ó máa ń le. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2023, àgbàrá wọ àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Arábìnrin wa kan tó wà ní ọdún àṣekágbá ti kó àwọn ìwé tó fi gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó ní láti padà sọ́jà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa ń bú àwọn aláṣẹ. Màlámù àgbàlagbà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kò bá wa jà. Ó kàn gbé ọkọ́ rẹ̀, ó ṣí òkúta tó bo gọ́tà, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá wò ó. Ṣé ìjọba ló mu omi inú ọ̀rá wọ̀nyí?” Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló dí gọ́tà pa. Àwa la mu ún. Ojú tì wá.

Láti ìgbà náà la ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́rin.

Èkínní: kà á kí o tó kó o. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àpò mẹ́sàn-án la kó jáde. A tú wọn sílẹ̀, a ṣà wọ́n. Àpò mẹ́fà ló jẹ́ kìkì ọ̀rá omi, ìyókù jẹ́ iyanrìn, ewé àti ike. A wá tọ ipasẹ̀ ọ̀rá náà dé ibi tí wọ́n ti ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ibi ìdalẹ̀nù kankan níbẹ̀. A so àpò méjì mọ́ ọ̀pó. Bí a kò bá kà á, gbígbá nìkan ni à bá máa gbá títí ayé.

Èkejì: mọ àkókò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló yẹ kí á rántí gọ́tà. Ọyẹ́ ti kó iyanrìn sínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún la ń kó o báyìí, kí òjò tó dé.

Ẹ̀kẹta: mọ ibi tí ìdọ̀tí ń lọ. Nígbà kan, etí gọ́tà la kó o sí. Òjò àkọ́kọ́ gbé e padà. Nígbà mìíràn, a dáná sun ún. Èéfín rẹ̀ mú kí ikọ́ fée dá ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gúnlẹ̀. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ní báyìí, à ń ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn màì-bọ́là tó ń rà á. Èyí tó kù, a dá ihò sí ìdí rẹ̀, a bu ilẹ̀ sí i, a gbin èso dógóyárò. Haúsá ló ni orúkọ náà: dogon yaro, ọmọkùnrin gíga. Èso rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú. Bó bá ti pọ́n tó já bọ́, kí á tètè gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí a bá sì ń gbé e sílẹ̀, kí á ya ọ̀rá náà kúrò, kí gbòǹgbò lè rọ́nà.

Ẹ̀kẹrin: kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní Ítálì gbọ́ pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti ibẹ̀ wá sí Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tó di Delta lónìí. Wọn kò lágbára, wọn kò lówó. Lẹ́tà ni wọ́n kọ sí àwọn oníwèé ìròyìn nílé. Ariwo ta. Wọ́n kó májèlé náà padà, ìjọba sì ṣòfin lòdì sí irú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó dá àjọ FEPA sílẹ̀, èyí tí òfin NESREA rọ́pò ní 2007. Ẹ ò rí i pé kálàmù akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun ìṣeré?

Nígbà òjò ọdún 2024, àgbàrá dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣàn kọjá. Yàrá kan ṣoṣo ló wọ̀, níbi tí gọ́tà ti fọ́. Agbára wa kò ká àtúnṣe ìyẹn. A ti kọ lẹ́tà mẹ́ta, a fi iye àpò tí a kà sí i. A kò tíì rí èsì, ṣùgbọ́n a ṣì ń kọ ọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ló dí gọ́tà tó sún mọ́ yàrá yín jù? Ẹ lọ kà á.
2. Oṣù wo ló yẹ kí ẹ kó o, ibo sì ni ẹ ó kó o lọ?
3. Ta ni ẹ ó kọ̀wé sí nípa èyí tó ju agbára yín lọ?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ gbé ṣọ́bìrì wá. Ire o.