Ìkòkò Ilé li Àkókò Lẹ́ńtì: Ẹ̀kọ́ láti Ilé Àwọn Àgùdà

Nígbà tí a bá ń wàásù nípa àwẹ̀, bí ẹni pé olúkúlùkù li ó ní ìkòkò tirẹ̀ li orí iná li a máa ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìkòkò kan náà ni bàbá, ọmọ, àlejò àti ọmọ-ọ̀dọ̀ ti ń jẹ. Bí ìkòkò kò bá yí padà, àwẹ̀ ẹni kan ṣoṣo nínú ilé yió ṣòro púpọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ wo ilé àwọn ará wa ti Ìjọ Àgùdà, kí a rí bí nwọ́n ti ń ṣe é.

Kí a kọ́kọ́ ka ọjọ́ náà. Láti Ọjọ́rú Eérú títí dé Sátidé tí ó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 ni. Ọjọ́ Ìsinmi 6 wà nínú rẹ̀, a kì í sì í gbàwẹ̀ li ọjọ́ àjíǹde Olúwa. Ó ku 40. Kí olùkọ́ ṣe ìṣirò yi li ojú pátákó. Àwọn ọmọ kì yió gbàgbé rẹ̀.

Ohun méjì li òfin Àgùdà béèrè: àwẹ̀, èyí tí í ṣe dídín onjẹ kù, àti ìtakété sí ẹran. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin wọn ti ọdún 1917, gbogbo ọjọ́ Lẹ́ńtì li ọjọ́ àwẹ̀, yàtọ̀ sí Ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ tí ó bá sì ti pé ọdún 7 kò gbọdọ̀ jẹ ẹran li ọjọ́ tí a kà á léèwọ̀. Li oṣù Kejì ọdún 1966, Póòpù Paul Kẹfà mú un fúyẹ́. Nísisìyí ọjọ́ méjì ni òfin pàṣẹ àwẹ̀: Ọjọ́rú Eérú, àti Ọjọ́ Ẹtì tí a kan Olúwa mọ́ àgbélébùú. Ó de ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18 títí yió fi pé 59. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ àjẹyó lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jẹ díẹ̀ li ẹ̀ẹ̀mejì mìíràn, ṣùgbọ́n bí a bá pa díẹ̀ méjèèjì pọ̀, nwọn kò gbọdọ̀ tó àjẹyó kan. Ìtakété sí ẹran bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 14, ó sì kan gbogbo Ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì. Òfin yi kò ka ẹja, ẹyin àti wàrà sí ẹran. A kì í sì í fi ipá mú aláìsàn tàbí aboyún.

Ẹ kíyèsí i pé òfin kò de ọmọ ọdún 10. Ṣùgbọ́n bí ìyá kò bá ra ẹran li ọjà, ẹja tí bàbá ń jẹ ni ọmọ náà yió jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń kọ́ àwẹ̀ kí òfin tó bá a. A kò sì ní ṣàì sọ èyí pẹ̀lú: li etí ọ̀sà, ẹja tútù lè dùn ju ẹran lọ, kí ó sì wọ́n jù ú lọ. Ẹni tí ó fi ẹran sílẹ̀ tí ó ra ẹja ńlá ti pa òfin mọ́. Bóyá ó gbàwẹ̀, ọkàn rẹ̀ mọ̀.

Èkó ni àpẹẹrẹ wa ti wá. Àwọn baba Àgùdà tí nwọ́n ti Bahia li ilẹ̀ Brasil padà wá, pàápàá lẹ́hìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1835, tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Ọdún 1868 ni àlùfáà wọn tó wá fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Ṣáájú ìgbà náà ọmọ ìjọ kan tí a ń pè ní Pádrè Anthony ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Bí kì í bá ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti àṣà inú ilé, ìgbàgbọ́ wọn ìbá ti kú. Ọ̀kan nínú àṣà wọnnì ni fréjọ̀n, tí a ń jẹ li Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ọ̀rọ̀ Potogí fún ẹ̀wà ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ní Bahia pẹ̀lú sì ni a ti ń fi omi àgbọn se ẹ̀wà li Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ títí di òní.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. A ó rẹ ẹ̀wà, ẹ̀wà Ìbejì ni ọ̀pọ̀ ń lò, sínú omi di ọjọ́ kejì. A ó sè é títí yió fi rọ̀ pátápátá, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ kí èèpo má bá a lọ. A ó rin àgbọn, a ó fún omi rẹ̀. A ó da méjèèjì pọ̀ sórí iná, a ó sì máa rò ó títí yió fi ki. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi ṣúgà àti kànáfùrù sí i. Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja àti gàrí li a fi ń jẹ ẹ́. Ìkòkò náà kì í kéré, nítorí a ó bù fún aládùúgbò, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ tiwa tàbí Mùsùlùmí.

Àwọn kan ń bínú pé àsè ni èyí li ọjọ́ tí ó yẹ kí a sunkún. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ òun ni onjẹ àjẹyó kan ṣoṣo ti ọjọ́ náà. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ju èyí lọ ni ìyá tàbí ọmọbìnrin tí ó ń rò ó láti òru, tí kò sì ráyè dé ibi ìsìn agogo mẹ́ta.

Níti tiwa, Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 ka ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì mọ́ ọjọ́ àwẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ iye tí a ó jẹ. A fi í sílẹ̀ fún olúkúlùkù ilé, nínú ọ̀pọ̀ ilé kò sì sí ẹni tí ó pinnu ohunkóhun. Kí ọkọ àti aya jókòó kí Ọjọ́rú Eérú tó dé: kíni a ó yọ kúrò nínú ìkòkò, èló ni yió ṣẹ́kù li ọ̀sẹ̀ kan, ta ni a ó sì fi fún? Nínú Matteu orí 6, Olúwa wa sọ̀rọ̀ ìtọrẹ-àánú ṣáájú àwẹ̀. Kí owó náà wọ inú kóló, kí àwọn ọmọ máa fi ọwọ́ ara wọn jù ú sí i.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi àwẹ̀ bojú láti fi ebi pa ọmọ-ọ̀dọ̀. Ọmọ tí ń pọnmi, tí ń gbálẹ̀, tí kò sì ì dàgbà, kí a bù fún un kí ó yó. Wòlíì Aísáyà, li orí 58, bá àwọn tí ń gbàwẹ̀ wí nítorí bí nwọ́n ti ń lo àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Kí olùkọ́ ka orí náà pẹ̀lú kíláàsì rẹ̀, kí ó sì bi wọ́n léèrè ẹni tí ń se onjẹ ní ilé wọn, àti ìgbà tí ẹni náà tó jókòó jẹ tirẹ̀.