Mọ́kànlá Ni Kí O Kọ

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni mò ń kọ́. Ní ìsinmi gígùn yìí, wọ́n fi mí sí abúlé kan lọ́nà Èrúwà láti wá ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fún oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àjọ kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ogójì ọ̀dọ́ ló forúkọ sílẹ̀. Ní báyìí, tí a bá pé jọ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, mọ́kànlá ni mo máa ń rí. Ọ̀gá mi ní kí n máa kọ ogójì sínú lọ́gbúùkù mi, pé etí àwọn tó ń náwó sí ètò náà ò gbọdọ̀ gbọ́ mọ́kànlá. Àwọn tó ń wá gan-an, òmíràn nínú wọn fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín, torí mi ò mọ ọkọ́ lò. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ti rí àyè fún mi ní báńkì kan l'Ékòó, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n parí. Ṣé kí n lọ ni, sà? Kòkòrò tún ti wọ àgbàdo tí a gbìn sóko àjọṣe wa, kò sì tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó hù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Ọmọ IT, Ìbàràpá

Ọmọ IT, mo kí ọ o. O sì kú ìfaradà ẹ̀fọn, torí mo mọ̀ pé ẹ̀fọn agbègbè yẹn ò mọ ẹni tó ń bọ̀ wá kàwé yàtọ̀.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti ọ̀gá rẹ. Mọ́kànlá ni kí o kọ. Orúkọ rẹ ló wà lára lọ́gbúùkù yẹn, ìwọ lo ń buwọ́ lù ú, bí ọ̀rọ̀ bá sì délé ẹjọ́, ìwọ ni wọ́n máa bi. Má bá a jà, má sì rojọ́ rẹ̀ káàkiri abúlé. Bá a níbi tó ti dá wà, kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tí ojú mi bá rí nìkan ni mo lè kọ." Bó bá wù ú kó kọ ogójì sínú ìwé tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni bírò wà. Bó bá wá ní dandan, ọwọ́ rẹ ló gbọdọ̀ kọ ọ́, pe olùkọ́ tó ń bójú tó ọ ní yunifásítì kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Ṣùgbọ́n mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù ńkọ́? O kọ lẹ́tà gígùn sí mi, o ò sọ níbì kankan pé o ti bi ẹyọ ọ̀kan nínú wọn léèrè ìdí tí wọn ò fi wá mọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti máa pè wọ́n ní ọ̀lẹ ní ọ́fíìsì yín. Èmi ò ní gba ìyẹn gbọ́ títí tí n ó fi mọ ọjọ́ tí abúlé yẹn ń nájà.

Ọ̀pọ̀ ọjà oko wa, ọrọọrún ni. Jẹ́ ká ní ọjà bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Máa fi ìka kà á: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé. Ọjọ́ Ajé ni ọrún pé. Ìpàdé yín méjèèjì ti bá ọjà lọ nìyẹn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Láti ibẹ̀, ọjà á lọ sí Ẹtì, sí Ìṣẹ́gun, sí Àbámẹ́ta, sí Ọjọ́rú, sí Àìkú, kó tó tún kan Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 28, tí yóò tún gbé Ajé dání. Ọmọ tó jẹ́ pé ọ̀kadà rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi ń gbé gàrí lọ sọ́jà, ṣé torí bọnsi àti mínírà ìpàdé yín ni kó ṣe fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tó bá sì ti pa ìpàdé méjì jẹ tẹ̀léra tẹ̀léra, ojú á máa tì í láti yọ sí ẹ̀kẹta. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ni ẹni tó mú Ajé àti Ọjọ́bọ̀ wò. Lọ bi ìyálọ́jà léèrè, kí o fi ọjọ́ ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye èèyàn tó wá lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì wo ohun tí ìwé náà máa sọ. Bó bá rí bí mo ṣe rò, ohun tí wàá gbé síwájú ọ̀gá rẹ nìyẹn, ó sì wúlò fún un ju ogójì ayédèrú lọ.

Bó bá jẹ́ pé ọjà kọ́, bi àwọn tí kò wá mọ́ nípa ilẹ̀. Lọ́dún 1959, nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn oko ìjọba tí a mọ̀ sí fáàmù sẹ́túmẹ́ǹtì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Akin Deko ni mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà. Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe. Ìlọrà ní in, Akùfọ̀ ní in, Èrúwà tó wà nítòsí rẹ náà ní in. Wọ́n fún àwọn ọmọ nílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dúró, torí ohun tí èèyàn máa jẹ kí àwọn igi tí wọ́n gbìn fún títà tó so, ọ̀tọ̀ ni. Ètò tiyín yí i padà: ẹ ń kọ́ wọn, ẹ ò fún wọn nílẹ̀. Ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, tó jẹ́ pé oko àbọ̀ṣẹ́ tí kò ju igba ebè lọ ló jẹ́ tirẹ̀, ibo ló fẹ́ lo ẹ̀kọ́ héktà kan sí?

Ní ti ẹ̀rín tí wọ́n ń rín ọ, wọ́n ti rín èmi náà rí. Láti 1973 ni ètò IT ti wà, ìgbà tó kàn mí, mo gbé okùn àti téèpù lọ sóko àwọn àgbẹ̀. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín poro sí poro, sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín igi àgbàdo sí igi àgbàdo, hóró kan nínú ihò kan: èyí tó máa fún ọ ní igi àgbàdo tó ju 53,000 lọ lórí héktà kan. Mo ṣàlàyé títí òógùn bò mí. Ìyá àgbàlagbà kan ká ọwọ́ lẹ́rán, ó wò mí títí mo fi parí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀gúsí ńkọ́?" Mo rò pé ọbẹ̀ ni ìyá ń bi mí. Mo ní a ò tíì sè é. Ẹ̀rín pa gbogbo oko. Ohun tí ìyá ń bi mí ni ibi tí ẹ̀gúsí máa fà gbà, ibi tí ilá máa dúró sí, àti bí wọ́n ṣe máa ki ẹ̀gẹ́ bọ àárín rẹ̀ tó bá yá. Kò gbin àgbàdo nìkan rí láyé rẹ̀. Okùn tí mo gbé lọ, ti àgbàdo tó dá wà ni.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bá ìyá kọ ebè. Ebè mi àkọ́kọ́ dà bí ibojì ajá, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kúrò níwájú pátákó. Ẹni tó ń rín ọ jù nínú wọn, òun ni kí o gbé ọkọ́ fún, kí o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi." Ìwọ náà ní ohun tí o mọ̀: jókòó tì í, kí ẹ jọ ka ara ike oògùn apakòkòrò, kí ẹ jọ ṣírò iye tó ná lórí àpò àgbàdo kan kó tó mọ̀ bóyá ó jèrè. Má gbàgbé pé ojú àwọn ará Ìbàràpá ti rí akẹ́kọ̀ọ́. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ó wá, ẹ ó sì lọ.

Báńkì ńkọ́? Mi ò bú báńkì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ lò ń kọ́, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, mi ò sì rò pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ máa ka jíjókòó sí káńtà fún ọ. Fi ọ̀wọ̀ dá ẹ̀gbọ́n màmá rẹ lóhùn pé lọ́dún tó ń bọ̀. Àfi tí wọ́n bá fipá mú ọ buwọ́ lu irọ́, tàbí tí ibi tí ò ń sùn ò bá láàbò. Ìgbà yẹn, di ẹrù rẹ.

Ó ku kòkòrò. Ṣí ewé àárín àgbàdo náà wò. Bí o bá rí ohun tó dà bí ìdọ̀tí tí ayùn ń tú sílẹ̀ lára pákó, tí orí kòkòrò náà sì ní àmì bíi lẹ́tà Y tó dorí kodò, fall armyworm ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, 2016 ni wọ́n rí i ní Nàìjíríà. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń fín oògùn yín, àbí? Ó ti sá wọ ìsàlẹ̀ ewé àárín nígbà yẹn. Kí ẹ tó ra oògùn míì, ẹ dúró níbi márùn-ún lóko náà, kí ẹ yẹ ogún igi wò níbi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka iye tó ti wọ̀. Bí kò bá pọ̀, ẹ fi ọwọ́ mú un, kí ẹ tẹ ẹyin tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé pa. Oko kékeré ni, ọwọ́ ká a. Kó gbogbo mọ́kànlá yẹn dání, kí ẹ ti wà níbẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.