Fausto Coppi: Ẹni Tí Òkè Kò Dá Dúró, Tí Ibà Dá Dúró

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ kí a jọ yẹ ìgbésí ayé ọkùnrin kan wò, ẹni tí ó fi gígun kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Fausto Coppi, ọmọ orílẹ̀-èdè Ítálì. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù láti orí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ orúkọ tirẹ̀ rí. Ìdí méjì ni a fi mú un. Èkíní, iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn bí ìmúrasílẹ̀ ṣe lè sọ ọmọ tálákà di ẹni ńlá. Èkejì, ohun tí ó pa á kì í ṣe àjèjì sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ibà ni. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí ni ó sì ti kó o.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

A bí Coppi ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ní Castellania, abúlé kékeré kan ní àríwá Ítálì. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, wọn kò sì lówó lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó kúrò ní ilé ìwé, ó lọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ alápatà kan ní ìlú Novi Ligure. Kẹ̀kẹ́ ni ó fi ń gbé ẹran lọ fún àwọn oníbàárà. Ẹbí rẹ̀ kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ni ó fún un ní owó láti ra kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ fún ìje.

Ní Novi Ligure yìí kan náà ni ó ti pàdé Biagio Cavanna. Afọ́jú ni Cavanna, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa fi ọwọ́ wọ́ ara fún àwọn eléré ìdárayá. Ojú rẹ̀ kò ríran, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣan. Ó kọ́ Coppi ní ohun tí yóò máa jẹ, ìgbà tí yóò máa sùn, àti bí yóò ṣe máa múra sílẹ̀ kí ọjọ́ ìje tó dé. Coppi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ó ní ojú méjì jókòó sí ẹsẹ̀ ẹni tí kò ríran, ó gba ẹ̀kọ́.

ÌJE OJÚ TÍTÌ ÀTI ÌJE INÚ PÁPÁ

Oríṣi ìje méjì ni Coppi ń ṣe, ó sì dára kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní ni ìje ojú títì. Nínú èyí, wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú kan dé òmíràn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tàbí kí wọ́n máa gùn ún lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n sì ro gbogbo àkókò tí olúkúlùkù lò pọ̀. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kéré jù ni ó borí. Irú èyí ni Giro d'Italia tí wọ́n fi ń yí Ítálì ká, àti Tour de France tí wọ́n fi ń yí ilẹ̀ Faransé ká.

Èkejì ni ìje inú pápá tí a kọ́ roboto. Níbẹ̀, ènìyàn méjì lè bẹ̀rẹ̀ ní òdì kejì ara wọn, kí wọ́n máa lé ara wọn kiri. Coppi gba ipò kìíní ní gbogbo àgbáyé nínú irú ìje alélé yìí ní ọdún 1947 àti 1949. Wọ́n tún máa ń gbìyànjú láti mọ bí ènìyàn kan ṣoṣo ṣe lè lọ jìnnà tó láàárín wákàtí kan péré. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí kò sí ìsọ̀kalẹ̀ òkè tí a ti lè sinmi, kò sì sí ẹnìkejì tí a lè fi ara pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́.

Ní ọdún 1940, Coppi wọ ẹgbẹ́ Legnano. Olùrànlọ́wọ́ lásán ni wọ́n gbà á sí fún Gino Bartali, ògbóǹtarìgì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ṣáájú. Bartali ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ Giro ọdún náà, ó sì fara pa. Àyè ṣí sílẹ̀, ọmọ ogún ọdún náà kò sì jẹ́ kí ó bọ́. Òun ni ó borí, àti di òní, kò tíì sí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba Giro. Ìje náà parí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an, Ítálì wọ ogun àgbáyé.

Ogun kò jẹ́ kí ó gbádùn òkìkí náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1942, nínú pápá Vigorelli ní ìlú Milan, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan, ó sì rìn ju kìlómítà 45 àti ààbọ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó tíì lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá kí Jacques Anquetil, ọmọ Faransé, tó kọjá rẹ̀ ní 1956.

OGUN ÀTI ÌPADÀBỌ̀

Wọ́n rán Coppi lọ sí ojú ogun ní Àríwá Áfíríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú un ní Tùnísíà, ó sì di ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ọdún tí agbára eléré máa ń wà lójú ọ̀nà ni ó fi wà láìní kẹ̀kẹ́. Ọdún 1945 ni ó tó padà sílé.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1946, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ láti Milan lọ sí San Remo, ọ̀nà tí ó tó kìlómítà 292. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí Coppi àti àwọn díẹ̀ fi sáré ṣíwájú. Nígbà tó yá, ó fi àwọn yẹn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ó dé òpin, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kọjá kí ẹni tí ó ṣe ipò kejì tó yọ. Ẹni tí ogun ti já ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọn lójú ni ó ṣe èyí.

Ó tún gba Giro ní 1947, 1949, 1952 àti 1953, ó di márùn-ún. Ní 1949, ní ọ̀nà Cuneo sí Pinerolo, òun nìkan ni ó wà níwájú fún kìlómítà 192, tí ó gun òkè ńlá márùn-ún. Bartali tí ó ṣe ipò kejì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ó lọ sí Tour de France. Ó ṣubú, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó ní òun fẹ́ padà sílé. Ó ti fi ju ìdajì wákàtí lọ wà lẹ́yìn ẹni tó wà níwájú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní sùúrù, ó sì gba ìje náà níkẹyìn. Báyìí ni ó di ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba Giro àti Tour ní ọdún kan ṣoṣo. Ó tún un ṣe ní 1952.

KÒ DÁ A ṢE

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Coppi ní àwọn ẹmẹ̀wà tí ń bá a gbé omi, tí ń dá afẹ́fẹ́ dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Andrea Carrea. Ní Tour ọdún 1952, Carrea tẹ̀lé àwọn kan tí wọ́n sá síwájú, kí ó lè máa ṣọ́ wọn fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò àkókò, òun ni ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ti aṣíwájú kàn. Dípò kí inú rẹ̀ dùn, ẹkún ni ó bú sí, nítorí ó rò pé òun ti gba ohun tí kì í ṣe tòun. Coppi kò bínú. Ó kí i kú oríire. Ní ọjọ́ kejì, Coppi gba ẹ̀wù náà lórí òkè Alpe d'Huez.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tẹ̀lé gbogbo ìwà rẹ̀. Ó kọ ìyàwó ilé rẹ̀ sílẹ̀ tọ ìyàwó oníyàwó lọ, ọ̀ràn náà sì dé ilé ẹjọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò sì fi pamọ́ pé òun lo oògùn amáragun nínú ìje. Ibi tí ó dára ni a ó mú, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

IKÚ ÀBÚRÒ RẸ̀

Serse, àbúrò rẹ̀, náà ń gun kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1951, ó ṣubú nínú ìje kan ní ìlú Turin, ó sì fi orí gbá ilẹ̀. Ó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé òpin, ó lọ sí ilé ìtura bí ẹni pé kò sí nǹkan. Nígbà tó ṣe, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ń ya nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó kú. Ohun tí a rò pé ó kéré ni ó gbẹ̀mí rẹ̀.

OUAGADOUGOU, 1959

Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, wọ́n pe Coppi àti àwọn agunkẹ̀kẹ́ mìíràn, lára wọn Anquetil àti Raphaël Géminiani, wá sí Upper Volta, tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí. Wọ́n bá àwọn ọmọ ìlú náà sáré kẹ̀kẹ́ ní Ouagadougou, lẹ́yìn náà wọ́n lọ ṣe ọdẹ. Inú yàrá kan náà ni Coppi àti Géminiani sùn sí. Ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sí Yúróòpù, àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ àìsàn. Ara Géminiani gbóná débi pé kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí kòkòrò ibà nínú rẹ̀, wọ́n fún un ní kuiníìnì, ó sì yè. Ní ti Coppi, àwọn dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ ní Ítálì rò pé àìsàn mìíràn ni. Oògùn àìsàn mìíràn ni wọ́n sì ń fún un. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1960, ó kú ní ilé ìwòsàn ìlú Tortona. Ọmọ ogójì ọdún ni. Géminiani pẹ́ láyé títí di ọdún 2024, ó kú ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Yàrá kan náà, ẹ̀fọn kan náà, ibà kan náà. Ẹnìkan kú ní ogójì ọdún, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún. Òtítọ́ ni pé Ọlọ́hun ló ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n kuiníìnì kì í ṣe ohun àṣírí ní 1959, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń lò ó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KÀN WÁ

1. Agbára kì í ṣe ààbò. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró Coppi lágbára ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, síbẹ̀ kòkòrò tí ojú kò lè rí ṣẹ́gun rẹ̀. Kí ọ̀dọ́ má ṣe wí pé, "Ara mi le, ibà kò lè ṣe mí ní nǹkan."

2. "Ibà lásán ni" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Àwa tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré ní agbára díẹ̀ tí ń bá ibà jà nínú ara wa. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò tíì ní in tó, ti aláboyún sì máa ń dínkù. Bí ara bá gbóná, ẹ jẹ́ kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí a má fi àbá ra oògùn. Bí wọ́n bá sì fún wa ní oògùn, kí a lò ó tán.

3. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti dé. Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí ń gbé ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Bí ènìyàn bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi, agbára tí a wí yẹn a máa lọ. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ kò tilẹ̀ ní in rárá. Bí wọ́n bá wá sílé fún ọdún tàbí ìgbéyàwó, kí wọ́n lo oògùn tí ń dènà ibà, kí wọ́n sùn sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bí ara wọn bá gbóná lẹ́yìn tí wọ́n padà, kí wọ́n sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀ pé, "Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni mo ti dé." Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí lè jẹ́ kí dókítà mọ ohun tí yóò wá.

Coppi múra sílẹ̀ fún òkè, fún ojú títì àti fún pápá. Ẹ jẹ́ kí àwa náà múra sílẹ̀ fún ohun tí ń fò wọlé láti ojú fèrèsé wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Coppi rí gbà lọ́dọ̀ Cavanna? Ta ni a lè lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò wa, tí a kò kà sí?
2. Kí ni ó jọra nínú ikú Serse àti ti Fausto?
3. Kí ni a máa ń ṣe nílé wa nígbà tí ara ọmọ bá gbóná lóru? Kí ni ó yẹ kí a yí padà?