Ìbò Rẹ Kò Dé Ilé, Ọ̀rọ̀ Rẹ Dé

Bismillahi-r-Rahmani-r-Rahim.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń múra àtilọ kàwé ní Saudi, ní Íjíbítì tàbí ní Ìlú Ọba. Bí àsìkò ìbò bá dé, ara yín yóò wà lókè òkun, ọkàn yín yóò wà nílé. Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lé orí rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, abala 77, sọ pé ọmọ ìlú tó ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé ní Nàìjíríà nígbà ìforúkọsílẹ̀, ló lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Kò sí àpótí ìbò fún wa lókè òkun. Ìbò akẹ́kọ̀ọ́ kò dé ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé. Ọlọ́hun yóò sì bi í nípa ọ̀rọ̀ náà.

Ní 2015, mo ń kàwé ní Khartoum, ní ilẹ̀ Sudan. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ni wọ́n dìbò Ààrẹ. Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ kan wọ orí fóònù mi pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà tí ìyá mi ti ń tajà. Mi ò béèrè ẹni tó rí i. Mo fi ránṣẹ́ sílé lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi ti ìsọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tòmátì rẹ̀ jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjà kankan. Nígbà tí mo ń bẹ̀ ẹ́, ó ní: "Ọmọ mi, nítorí Kùránì la ṣe rán ọ lọ, ṣé irọ́ lo wá ń fi ránṣẹ́ sí wa?"

Nínú Súrátul-Hujurat, àáyà 6, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn tí òbìlẹ̀jẹ́ bá mú wá, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe èèyàn níbi, kí á wá kábàámọ̀. Ọ̀pọ̀ onítumọ̀ Kùránì sọ pé ọ̀rọ̀ Walid ọmọ Uqba ló fà á. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán an láti gba sàká àwọn Banu Mustaliq. Ẹ̀rù bà á lójú ọ̀nà, ó padà, ó ní wọ́n kọ̀ láti san án. Díẹ̀ ló kù kí ogun bẹ́. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá! Ẹni tó wà lókè òkun, tó ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ kò rí, kí ó ronú sí èyí.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta:

1. Ẹ dúró de ẹni tí iṣẹ́ tọ́ sí. Kí alága àjọ elétò ìdìbò, Attahiru Jega, tó kéde pé Buhari ní ìbò 15,424,921, Jonathan 12,853,162, onírúurú èsì ayédèrú ti kún yàrá wa.

2. Ẹ má torí olóṣèlú kọ ọmọ ìyá yín nínú ẹ̀sìn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, Jonathan pe Buhari, ó kí i kú oríire. Àwọn méjì nínú yàrá wa, tí wọ́n jọ ń kírun, kò tíì kí ara wọn títí oṣù fi parí.

3. Ẹ gba ará ilé níyànjú pé kí wọ́n má ta ìbò wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sídìí ìwé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán yín.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa, kí Ó sì tún ilẹ̀ wa ṣe. Àmín. Wassalaam.